Ìwé Morẹ́nikẹ́ Níwájú Pẹpẹ

Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó bá arúgbó olùkọ́ wí, tí kò sì sọ ọ́ nù. Halelúyà! Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn, ẹ rọra pariwo. Tiyín ni mò ń sọ.

Ẹ mọ̀ pé tíṣà ni mo ṣe fẹ̀yìn tì ní Ìjẹ̀bú-Igbó níbí. Ẹ sì mọ Morẹ́nikẹ́, ọmọ tí ọmọbìnrin mi fi sílẹ̀ kó tó kú. Ọwọ́ mi ló dàgbà sí. Lọ́dún tó kọjá, ó fìdí rẹmi nínú ìdánwò àṣekágbá. Ojú tì mí. Èmi tí mo kọ́ ọmọ ọlọ́mọ!

Mo wá gbé òfin kalẹ̀: wákàtí márùn-ún lójúmọ́, kò gbọdọ̀ dìde. Èyí tó bá ṣì, mo máa fi bírò pupa fa ìlà sí i, á tún un kọ nígbà ogún. Kò bá mi jiyàn. Nígbà tó yá, tó bá ti rí ìwé, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n. Mo ní iṣẹ́ ọ̀tá ni. Ìdánwò mìíràn ku ọjọ́ mẹ́wàá, mo kó gbogbo ìwé rẹ̀ wá síwájú pẹpẹ yìí, kí wọ́n gba àdúrà fún ọjọ́ méje. Ẹ gbọ́ o: ọmọ kò ní ìwé tí yóò kà nílé, èmi wà níbí, mò ń lu agogo!

Lọ́jọ́ karùn-ún, mo délé, n ò bá a. Ó ká aṣọ ilé ìwé rẹ̀ sórí àga. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pélébé: "Màmá, ẹ má wá mi. Orí mi ò gba ìwé."

Ẹnì kan ní kí n lọ wo etí odò. Mo lọ. N ò ní sọ ohun tí ojú mi ń wá nínú omi náà.

Ọjọ́ kẹrin tó ti lọ ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin pè mí láti Ìbíàdé: "Ìyá, ọmọ yín ń bá mi yan ẹja."

Mo bá a nídìí ààrò, èéfín ti sọ ojú rẹ̀ di pupa. Kò wò mí. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìwàásù. Nǹkan kan sọ sí mi lọ́kàn pé kí n jókòó. Mo jókòó. Mo ní, "Kọ́ mi."

Mo yí ẹja, ó já.

"Màmá, iná yín ti pọ̀ jù. Ẹ̀yìn ẹ̀ á jóná, inú ẹ̀ á sì wà ní tútù."

Mo tún un ṣe. Ó tún já.

"Tíṣà, ẹ tún un ṣe. N ò ní fa ìlà pupa sí i."

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo sunkún.

Ọ̀sẹ̀ kan ni mo lò níbẹ̀ kí a tó jọ padà wálé. Kò yege o. Ẹ má bá mi fi irọ́ kún ẹ̀rí. Ìdánwò náà kọjá, kò tilẹ̀ ṣe é. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì máa ń gbọ̀n lọ́jọ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n mo ti sọ bírò pupa nù. Nísinsìnyí, á ka ojú ìwé méjì, á mú ṣọ́ọ̀kì, á kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn ilé ìdáná, á fi kọ́ mi. Tó bá sú wa, a máa sinmi. Lánàá, mo ní ó rẹ̀ mí. Ó ní, "Màmá, iṣẹ́ àṣetiléwá yín dà?"

Ẹ bá mi yọ̀! Ògo ni fún Ọlọ́run. Àwọn ìwé ọmọ tí mò ń wò níwájú pẹpẹ yìí, ẹ̀yin ìyá, ẹ dákun, ẹ gbé wọn lọ sílé lónìí. A ti gbàdúrà. Ó ku kíkà.