Àǹtí Àìpọ́n Lórí Fóònù

Ìgbà tí orúnkún mi ṣì ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu, ọ̀nà wo ni n kò rìn? Mo ru ẹrù ní Ṣàgámù, mo ṣe ọmọ ọkọ̀ dé Sàpẹ́lẹ̀, kí n tó wá di lébìrà oko kòkó ní Ìdànrè níbí. Bọ́sẹ̀, gbé fóònù yẹn kúrò nídìí imú mi. Ṣé imú mi lo fẹ́ fi polongo ìbò ni?

Ẹ gbọ́. Ọmọ àbúrò mi ni Bọ́sẹ̀ yìí. Òun ló ń ya fídíò fún Títílayọ̀, olùkọ́ tó ń du ipò káńsílọ̀ ní wọ́ọ̀dù wa. Ó ní àwọn ọ̀dọ́ kì í wá sí ìpàdé mọ́, pé inú fóònù ni kí èèyàn ti lọ bá wọn. Ó dáa.

Láyé tiwa, lọ́rì ni. Lọ́yà kan gbé e wá sí oko tí mo ti ń ṣiṣẹ́, lójú ọ̀nà Òwèná, gbohùngbohùn ràgàjì lórí ẹ̀. Bó bá ti ní, "Ẹ dìbò fún mi," òkè á dáhùn, "fún mi… fún mi…" Àwa lébìrà ní, ṣé òkè náà ń du ipò ni?

Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí à ń fọ́ kòkó ló bọ́ sí. Àṣà oko sì ni pé ẹni tó bá bá wa nídìí òkìtì kòkó kì í dúró rojọ́. Á kọ́kọ́ jókòó, á bá wa fọ́ ọ. Ìyá tó ni oko, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè. Wọ́n ní, "Lọ́yà, a ti gbọ́ ẹnu rẹ. Ọwọ́ rẹ ńkọ́?"

Lọ́yà bọ́ kóòtù. Ó mú àdá, ó ń ṣá kòkó bí ẹni ń pa ejò, ó ń gé hóró inú ẹ̀ sí wẹ́wẹ́. Ìyá gba àdá, wọ́n fún un ní kùmọ̀ tí àwọn ọmọdé fi ń fọ́ ọ. Ó sì fọ́ ọ títí oòrùn fi yí. Nígbà tí ọjọ́ ìbò dé, ẹsẹ̀ la fi rìn láti oko dé Odode, níbi tí a ti dìbò, nítorí ẹ̀. Ṣé ó mú ìlérí ṣẹ? Ẹ fìyẹn sílẹ̀ jàre… olóṣèlú ni.

Ẹ wá bi Bọ́sẹ̀ léèrè ohun tóun ṣe. Ó ní dandan, Títílayọ̀ gbọ́dọ̀ di àgbẹ̀ lójú àwọn ọ̀dọ́ ìlú Aládé. Kòkó ò sì tíì pọ́n. Ni wọ́n bá já èyí tó ṣì dúdú bí ewé, olùkọ́ gbé e mọ́ra bí ọmọ ìkókó, orin ń lọ lábẹ́lẹ̀, ó ní ìkórè ti dé. Ìkórè wo? Ní Aládé, níbi tí ọmọ ti ń mọ kòkó kó tó mọ ABD? Kílẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, gbogbo fóònù ti ń pè é ní Àǹtí Àìpọ́n. Wọ́n tiẹ̀ ṣe àwòrán, wọ́n gbé orí ẹ̀ lé ara kòkó.

Bọ́sẹ̀ wá bá mi, ojú pọ́n. Ó ní, "Bàbá, mo ti ba tẹni ẹlẹ́ni jẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ Aládé nìkan ni olùkọ́ gbójú lé."

Ó fẹ́ pa fídíò náà rẹ́. Mo ní kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ṣubú láàárín ọjà, ṣé á ní òun ò ṣubú ni? Mo ní kí wọ́n dúró kí kòkó pọ́n, kí olùkọ́ lọ jókòó nídìí òkìtì, kí Bọ́sẹ̀ fi fóònù sí àpò. Ẹ ò bá rí ojú ẹ̀! Bí ẹni pé mo ní kó gé etí kan.

Nígbà tí kòkó pọ́n, wọ́n lọ. Àwọn ọ̀dọ́ náà wá, ẹ̀sín ni wọ́n wá ṣe, ẹ má tan ara yín. Ọ̀kan na kùmọ̀ sí i. "Àǹtí Àìpọ́n, ẹ jókòó."

Olùkọ́ gbà á, ó jókòó sórí èèpo kòkó. Ó ní, "Ẹ ṣeun. Ẹ bá mi ṣe é, kí n lè pọ́n kọ́jọ́ ìbò tó dé."

Ẹ̀rín bú. Ọmọ tó na kùmọ̀ yẹn gan-an ló yọ fóònù, tó yà á. Òkè dí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lóko, ìgbà tó padà dé Aládé ló fi í ránṣẹ́. Èyí tí Bọ́sẹ̀ ò yà ló wá rìn jìnnà ju gbogbo èyí tó yà lọ. Ó ṣì ń dùn ún… ẹ wo bó ṣe yọ ẹnu síta.

Ṣé olùkọ́ á wọlé? Èmi ò mọ̀. Sátidé tó ń bọ̀ ni ìbò. Ẹ ti to ọkàn pupa sábẹ́ fídíò ẹ̀ bí ẹní sá kòkó. Ó dáa. Ìka tẹ́ ẹ fi tẹ ìyẹn náà lẹ ó fi tẹ̀ka. Àmọ́ orí bẹ́ẹ̀dì lẹ wà tẹ́ ẹ fi ń tẹ ọkàn, àpótí ìbò ò sì ní wá bá yín níbẹ̀. Ìka ò lẹ́sẹ̀.

Orúnkún tèmi ò gbọ́ràn mọ́. Láti ọjọ́ Jímọ̀ọ́ ni n ó ti máa bẹ̀ ẹ́ kó gbé mi dé ibi ìbò. Ẹ̀yin tí tiyín ṣì ń gbọ́… kí lẹ fẹ́ sọ fún un?