Mo Parọ́ fún Bàbá Olùkọ́ Nípa Àìsàn Wọn

Nọ́ọ̀sì ni mí. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ náà ní Ìbàdàn. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ọkọ mi pàápàá kò mọ̀ ọ́n títí di oṣù tó kọjá. Mi ò wá ṣàwáwí. Mo mọ ohun tí mo ṣe, mo sì mọ̀ pé kò dára. Ẹ jọ̀ọ́, orúkọ tí mo lò níbí kì í ṣe orúkọ àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn gan-an, torí àwọn ẹbí wọn ṣì wà nílùú yìí.

Ọdún méje sẹ́yìn, mo ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ring Road. Wọ́n gbé bàbá kan wá láti Bódìjà. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, gbogbo wa sì ń pè wọ́n ní Bàbá Olùkọ́. Nígbà tí èsì àyẹ̀wò dé, jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀ ni, ó sì ti tàn kálẹ̀. Dókítà pe àkọ́bí wọn ọkùnrin sí ọ́fíìsì, ó ṣàlàyé fún un. Bí ọmọ náà ṣe jáde, ọ̀dọ̀ mi ló kọ́kọ́ wá.

"Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí Bàbá gbọ́. Ọkàn wọn ò ní lè gbà á. Ẹ sọ fún wọn pé ọgbẹ́ inú ni."

Mo gbà. Ẹ má rò pé ó fún mi ní nǹkan kan. Bí gbogbo wa ṣe ń ṣe é nìyẹn. A rò pé àánú ni.

Ní ọjọ́ kẹta, lọ́sàn-án, Bàbá ní kí n jókòó. Wọ́n wojú mi.

"Nọ́ọ̀sì, sọ òótọ́ fún mi. Ṣé àìsàn yìí máa jẹ́ kí n padà sílé?"

Kí n tó dáhùn, wọ́n sọ ìdí tí wọ́n fi ń béèrè. Wọ́n sọ pé àwọn ní àbúrò kan tó ń gbé ní Mọ́níyà, Làmídì lorúkọ rẹ̀. Nígbà kan, ìwé ilẹ̀ tí bàbá wọn fi sílẹ̀ dàwátì. Bàbá Olùkọ́ dúró láàrin ẹbí, wọ́n ní Làmídì ló jí i. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó pè é sí ìpàdé ẹbí mọ́. Lẹ́yìn ìgbà tó pẹ́, Bàbá rí ìwé náà nínú àpótí tiwọn, láàrin àwọn ìwé iléèwé àtijọ́. Ìtìjú kò jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́.

"Tó bá jẹ́ pé mò ń lọ ni, mo máa ránṣẹ́ pè é lónìí, kí n bẹ̀ ẹ́. Àmọ́ tí mo bá máa dìde, ó wù mí kí n fi ẹsẹ̀ ara mi rìn dé ilé rẹ̀. Ìyẹn ló yẹ ẹ́."

Mo di ọwọ́ wọn mú. Mo ní, "Bàbá, ọgbẹ́ inú ni. Ẹ máa dìde. Ẹ máa rìn dé Mọ́níyà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń dúró de ọjọ́ tí ara wọn á yá. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí wọn ò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n kú. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé Làmídì kò jalè. Mo dákẹ́, kí irọ́ mi má bàa tú.

Ní ilé ìwòsàn tí mo wà báyìí, ní àdúgbò Challenge, wọ́n dá ìpàdé kan sílẹ̀. Àwa nọ́ọ̀sì àti dókítà á jókòó pọ̀, a ó sọ ohun tó ń wúwo lọ́kàn wa lẹ́nu iṣẹ́, pàápàá ibi tí a kò ti mọ èyí tó tọ́. Èmi ni wọ́n fi ṣe alága. Ní oṣù tó kọjá, nọ́ọ̀sì kékeré kan, Bísọ́lá, ní àwọn ọmọ màmá kan ní kí òun parọ́ fún màmá náà nípa àìsàn rẹ̀.

"Mà, kí ni kí n ṣe?"

Mo dá a lóhùn láìṣiyèméjì. Mo ní kó má parọ́, kó bi màmá fúnra wọn bí wọ́n ṣe fẹ́ mọ̀ tó, kí dókítà sì bá àwọn ọmọ jókòó. Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Màmá gbọ́, wọ́n sunkún, wọ́n sì ní kí wọ́n pe ọmọ wọn obìnrin wá láti Ọ̀yọ́. Bísọ́lá wá dúpẹ́. Ó ní, "Mà, mo mọ̀ pé ẹ̀yin ò lè parọ́ fún aláìsàn láé."

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ọkọ mi. Lọ́jọ́ Sátidé, mo wọ ọkọ̀ ní Òjòó, ó di Mọ́níyà. Mo bá Bàbá Làmídì, àbúrò Bàbá Olùkọ́, níwájú ilé wọn, wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́. Mo sọ ọ̀rọ̀ ìwé ilẹ̀ náà fún wọn. Wọ́n gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, wọ́n ní kí n tún un sọ. Wọ́n pe ìyàwó wọn, wọ́n ní kí n tún un sọ lójú tiẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ohùn wọn rọlẹ̀. "Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi rí i pé òun ń kú lọ, kí ló dé tí kò ránṣẹ́ pè mí?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rò ó. Mo ní, "Àìsàn náà ló yára jù, Bàbá." Irọ́ kejì nìyẹn. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́, ṣùgbọ́n mo rí i pé wọn kò gbà á. Wọ́n rò pé ẹ̀gbọ́n wọn kò fẹ́ rí wọn ni.

Mo máa padà lọ. Mi ò béèrè ìyẹn lọ́wọ́ yín. Mo máa sọ fún wọn pé èmi ni mo dínà. Tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ mi, kó bọ́. Àmọ́ ìyàwó Bàbá Làmídì ti pe àkọ́bí Bàbá Olùkọ́, ẹni tó ní kí n parọ́, ó fún un ní nọ́ńbà mi, ọmọ náà sì pè mí, mo sì sọ fún un pé mo fẹ́ lọ jẹ́wọ́. Ó ní kí n má dárúkọ òun, pé ìfẹ́ tí òun ní sí bàbá òun ló mú òun ṣe é. Mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ.

Ṣé kí n dá ẹ̀bi náà gbé, àbí kí n takú pé àfi kó bá mi lọ, kí àwa méjèèjì jọ kúnlẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kíákíá. Bàbá Làmídì ti sún mọ́ ọgọ́rin ọdún, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n kú pẹ̀lú èrò pé ẹ̀gbọ́n wọn kò fẹ́ràn wọn.