Kọ̀ǹpútà tí Ojú Rẹ̀ Dúdú

Nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Òṣogbo láti Ìwó, tọkọtaya kan jókòó níwájú mi, ọkọ gbé àpótí kọ̀ǹpútà lé itan.

"Láti ìgbà tí mo ti fi Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, sí i," ni ọkọ wí, "kò dá káàdì tó ń gbé àwòrán jáde mọ̀. Ó ń ṣiṣẹ́, ó ń kùn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ dúdú."

Ìyàwó ní, "Láti ọjọ́ tí a ti sin ọmọ wa, ojú dúdú yẹn lẹ ń wò. Ẹ ò wo tèmi. Bí a bá padà délé, ẹ pa á, ká jọ sunkún."

Ọkọ gbá àpótí náà mọ́ra.

"Bí mo bá pa á, ilé á dákẹ́ jù."