Fábíyìí Kì í Ṣe Omíyalé

Ẹ̀yin èèyàn Ìjẹ̀dé, ẹ̀yin ará Ìkòròdú tí ẹ wá bá wa kẹ́dùn ikú Fábíyìí, ẹ kú ìrọ́jú. Èmi Tìrìmísíyù, akápò ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ ojú omi, fẹ́ kọ́kọ́ jíṣẹ́ owó yín. ₦310,000 la dá. Pósí gba ₦140,000. Ibojì ní Ẹ̀pẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Oríyọmí ìyàwó rẹ̀, ₦50,000. Àga àti kánópì, ₦30,000. Oúnjẹ, ₦45,000. Ó ku ₦45,000. Ó wà lápò mi níbí.

Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ṣé ẹ rántí ọdún ìbò yẹn? Ọkùnrin kan tó ń du ipò dúró ní èbúté wa, ó gbé gbohùngbohùn sẹ́nu: "Àwọn àlejò ti ya wọ ìlú yín bí omíyalé!" A pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Fábíyìí dá a lóhùn látinú ọkọ̀ rẹ̀: "Ọ̀gá, ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń gbọ́n omi dànù níbí. Omi kì í sanwó ọkọ̀. Èèyàn lẹ rí yẹn."

A rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà lọ, àmọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá a lọ. Lọ́jà, "omíyalé." Lójú omi, "omíyalé." Oṣù mẹ́ta kò pé tí ẹgbẹ́ wa fi ṣòfin: ọlọ́kọ̀ tí a kò bí níbí yóò máa san ₦12,000 lọ́dún. Ọwọ́ mi yìí ló kọ Fábíyìí, ọmọ Ìkìrun, sínú ìwé náà: "àlejò."

Mo bẹ̀ ẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ san án, ká sinmi."

"Tìrí, mo lówó ẹ̀. Bí mo bá san án, mo ti fọwọ́ sí i pé omi ni mí."

Olóríkunkun! Ẹni tó ń gbé ẹ̀yin ẹlẹ́ja lọ sí Ẹ̀pẹ́ láwìn nígbà tí ọjà kò bá tà. Ẹ̀yin ìyá, ṣé mo purọ́?

Láàárọ̀ àná, kùrukùru bo ọ̀sà. N kò mọ ibi tí omi parí sí, n kò mọ ibi tí ọ̀run ti bẹ̀rẹ̀. Ó dà bíi pé mo ń gbọ́ ọ̀pá ọkọ̀ rẹ̀, pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́, àti ohùn rẹ̀ tó ń ka èrò bó ṣe máa ń kà wọ́n: "Èèyàn kan. Èèyàn méjì. Èèyàn mẹ́ta." Kò béèrè ilé baba ẹnikẹ́ni rí.

Alága wa ní pósí kò ní wọ ọkọ̀ àfi bí a bá san owó àlejò ọdún mẹ́ta tí Fábíyìí kọ̀ láti san, ₦36,000. Bí a bá san án, ọ̀fẹ́ ni wọn yóò gbé e kọjá, ₦9,000 yóò sì kù. Mọ́tò tí yóò gba Ìtòkín lọ, ₦45,000 géérégé. Ẹ mọ̀ mí, n kì í fi kọ́bọ̀ ṣòfò. Títì la ó gbà lọ́la.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú pé ilẹ̀ gbígbẹ la ó gbé ọlọ́kọ̀ gbà. Ẹ kí Oríyọmí. Ẹ ti kà wá títí. Lónìí, èmi ni mo kà yín: èèyàn kan. Mo ti fa ìlà pa "àlejò" tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ yín. Gbèsè náà nìkan ni mo fi sílẹ̀, kí àwọn ọmọ wa lè bá a níbẹ̀:

Fábíyìí, ₦36,000. A kò san án.