Mo Mọ̀ Pé Kòkòrò Náà Kò Tíì Kú

Morẹ́nikẹ́, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ló kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí. Mo dárúkọ rẹ̀ kí ẹ má baà rò pé ìkà ni mo jẹ́ láti inú ìyá mi wá. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ tèmi ni mo fẹ́ jẹ́wọ́, torí ó ti ń pa á lọ, n kò sì rí oorun sùn mọ́.

Aṣọ ọ̀fọ̀ ọkọ mi ṣì wà lára mi nígbà tí Morẹ́nikẹ́ pààrọ̀ àgádágodo ilé wa ní Ìfọ̀. "Tíṣà kòkòrò, máa lọ bá àwọn kòkòrò rẹ gbé." Bó ṣe wí nìyẹn, torí pé bàọ́lọ́jì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní girama. Mo wá háyà yàrá kan ní Mówè. Ibẹ̀ náà ni mo wà títí dòní.

Nígbà tó yá, ikọ́ ife mú Morẹ́nikẹ́. Ọmọ rẹ̀ gbé e wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀ ní Ìbàfò, nítòsí Mówè, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í yà lọ́dọ̀ mi bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀ rí. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n ní kó fi lo oògùn. Lẹ́yìn oṣù méjì, ikọ́ náà dáwọ́ dúró, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún. Ṣùgbọ́n oògùn ń sọ ìtọ̀ rẹ̀ di pupa, inú sì ń rìn ín. Ó bi mí pé, "Tíṣà kòkòrò, ìwọ lo mọ̀wé. Ṣé kí n dá a dúró?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ohun tí mo mọ̀ lọ́jọ́ náà. Bí sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣọ́ ara bá gbé kòkòrò ikọ́ ife mì, kòkòrò náà kì í sábà kú. Inú sẹ́ẹ̀lì náà máa ń kan bí ọsàn wẹ́wẹ́, afẹ́fẹ́ kò sì tó níbẹ̀. Ìyẹn ni kòkòrò náà fi ń mọ ibi tó wà. Á wá jí àwọn jíìnì kan, ìyẹn àwọn àṣẹ tó wà nínú ara rẹ̀, tí kò lò níta: òmíràn á jẹ́ kó máa jẹ ọ̀rá inú sẹ́ẹ̀lì náà, òmíràn á jẹ́ kó dákẹ́ bí òkú. Oògùn kì í tètè pa èyí tó bá dákẹ́ bẹ́ẹ̀. Torí wọn ni oṣù mẹ́rin yòókù ṣe wà. Àìmọye ìgbà ni mo ti yà á sójú pátákó fún àwọn ọmọ.

Mo dá a lóhùn pé, "Ohun tí ara yín bá sọ ni kí ẹ gbọ́, Àǹtí."

Kì í kúkú ṣe irọ́. Bí mo ṣe ń tan ara mi jẹ nìyẹn. Ó dá a dúró. Kí ọdún tó yí, ikọ́ padà dé tòun tẹ̀jẹ̀, oògùn àkọ́kọ́ kò sì ràn án mọ́. Ó ti gbẹ báyìí.

Ọ̀rọ̀ ilé Ìfọ̀ ṣì ń dùn mí, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kó kú. Ṣé kí n lọ sọ fún ọmọ rẹ̀ ni? Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Mo gbìyànjú láti bẹ òun fúnra rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Ó ní, "Kí n tó wá bi ọ́ ni nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọ́dọ̀ dá oògùn dúró. Mo ti mọ èsì ìbéèrè mi tẹ́lẹ̀. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá o ti dárí jì mí ni."