Ẹ̀yìn Àmì Ẹ̀yẹ

Nígbà ètò ọrọ̀ ajé SAP tí pépà wọ́n gógó, mo gbọ́ tí bàbá kan, akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé, ń bá obìnrin tó ń to ìwé ìròyìn wọn jiyàn ní ilé ìtẹ̀wé kan ní Ìlúpéjú, lórí àwòrán àmì ẹ̀yẹ tí ẹgbẹ́ náà fẹ́ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan.

"Bàbá, àwòrán kan péré ni pépà wa gbà fún àmì ẹ̀yẹ kọ̀ọ̀kan. Iwájú ló rẹwà."

"Ọmọ mi, àwòrán igi ìrókò kan náà ló wà níwájú gbogbo wọn. Ẹ̀yìn ni wọ́n fín orúkọ sí."

"Ṣebí a ó kọ orúkọ sábẹ́ àwòrán?"

"Ọ̀rẹ́ mi kú kó tó gba tirẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ fẹ́ rí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn bí wọ́n ṣe fín in gan-an."

Obìnrin náà mú àmì ẹ̀yẹ olóògbé náà lórí tábìlì, ó yí i padà, ó ka orúkọ ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ẹ́.

"Ó dáa, Bàbá. Ẹ̀yìn la ó tẹ̀. Àwòrán iwájú kan ṣoṣo á tó fún gbogbo wọn."