Agolo Tí Bàṣírátù Kò Kà

Ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú Bàṣírátù onídìrí láti ọdún 1982, ó ti pé ọdún kan báyìí, kò sì lè gbé e mọ́. Lónìí ni yóò tú u jáde, kí ojú tì í dáadáa.

Nínú agboolé wọn ní Gidan Igwai lókè Ọya, òun nìkan ló lè ka Gẹ̀ẹ́sì. Ó sì sú u! Mílíìkì ni, ọṣẹ ni, kò sí agolo tí wọn kì í gbé wá: "Ìyá Àlímátù, ẹ bá wa ka èyí." Wọn á tì í sí i lábẹ́ imú. Haba! Ṣé òun ló ṣe agolo fún wọn ni? Yísà ará Ìlọrin ló tiẹ̀ burú jù. Agolo tí àwọn èèyàn ti lò tán ló fi ń ṣe fìtílà àti búta àlùwàlá. Á kọ́kọ́ gbé e sórí èédú kí ọ̀dà ara rẹ̀ jó kúrò, kó tó gé e. Lọ́jọ́ náà, ó mú agolo oògùn ẹ̀fọn wá, irú èyí tí wọ́n ń tẹ̀ lórí kó lè fín. Ó ní, "Ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀ pọ̀ o. Ṣé wọ́n ní a lè lò ó?" Orí oníbàárà wà lọ́wọ́ Bàṣírátù, oòrùn ń jó o. Kò wò ó rárá. "Bùọ̀dá Yísà, wọ́n ní ẹ lè lò ó. Ẹ jẹ́ n ráyè!" Irọ́ gbáà!

Agolo náà bú gbàù lórí iná. Ojú ọ̀tún Yísà bá a lọ. Bàṣírátù sáré dé, ó ṣa agolo tó ya, ìgbà yẹn ló wá kà á: ẹ má jù ú sínú iná, kódà bó bá ti tán. Ó sọ ọ́ sínú ṣáláńgá. Ládi, ìyàwó Yísà tó ń fẹ́ iná, ni wọ́n di ẹ̀bi rù. Wọ́n ní ó fi nǹkan sínú èédú nítorí pé ọkọ rẹ̀ fẹ́ fẹ́ ìyàwó kejì. Ládi búra, búra: "Wallahi, mi ò fi nǹkan kan sí i!" Yísà lé e lọ sílé bàbá rẹ̀ ní Gagi. Bàṣírátù panu mọ́.

Láàárọ̀ yìí, Yísà tún gbé agolo dé. "Ẹ bá mi kà á, ẹ̀yin nìkan ni mo fọkàn tán. Mo fẹ́ tètè parí iṣẹ́, ọ̀la ni mò ń lọ kọ Ládi pátápátá." Bàṣírátù ké: "Ẹ yé fọkàn tán mi, Bùọ̀dá Yísà! Ẹ yé e! Èmi ni! Mi ò ka ti ọjọ́ yẹn! Ó sú mi ni mo fi parọ́!" Yísà gbé agolo sílẹ̀. Òun àti Bàṣírátù gba ilé bàbá Ládi ní Gagi lọ.

Bàṣírátù kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sọ gbogbo rẹ̀. Ládi ní, "Ìyá Àlímátù, ṣebí ẹ̀yin lẹ bá mi di ẹrù lọ́jọ́ tí mò ń lọ? Ẹ tún ní kí n ṣe sùúrù." Bàṣírátù ní, "Ẹ dárí jì mí."  Ládi ti ilẹ̀kùn mọ́ Bàṣírátù àti Yísà síta.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ mọ̀wé, bí wọ́n bá ní kí ẹ bá wọn ka nǹkan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á. Bó bá sú yín, ẹ sọ pé ó sú yín.